Ẹṣin, Ọjà Òkun àti Ìwé Robin Law

Ìtàn ayé àtijọ́ ni Robin Law, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ dojú kọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan tó jáde ní 1967, àwọn Garamantes ló ń tọpinpin, ará aṣálẹ̀ Líbíà tí àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì àti Róòmù mẹ́nu bà. Ní 1971, Yunifásítì Birmingham fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀yọ́ Ilé ló kọ ìwádìí rẹ̀ lé lórí, ó sì di ìwé ní 1977: The Oyo Empire, c.1600–c.1836.

Ẹṣin ló gba iwájú nínú ìwé yẹn. Ọwọ́ ará Òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń rà á, nítorí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé nílẹ̀ wa. Wọ́n ń ta ẹrú létíkun, wọ́n ń fi ọjà òyìnbó tí wọ́n gbà níbẹ̀ ra ẹṣin, wọ́n sì ń gun ẹṣin náà lọ kó ẹrú sí i. Ẹlẹ́ṣin wọn ló ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ní 1726.

Ẹni tó bá ti Ẹ̀rúwà lọ sí Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí ohun tí Law ń sọ láìṣí ìwé: pápá gbalasa, koríko gbígbẹ, igi níbi kan níbi kan, àpáta tó yọrí gọngọ. Ibi tí ẹṣin ti lè na ẹsẹ̀ nìyí. Bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá òkun, igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í ki.

Law kì í gba ẹ̀rí gbọ́ wẹ́rẹ́. Ó ń wá ohun tí àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ ní Ouidah létíkun, ó sì ń bi Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ìtàn Yorùbá, pàápàá léèrè ibi tó ti gbọ́ ohun tó kọ. (Inú àwọn kan nílé wa kò dùn sí èyí. Tèmi dùn.) Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lójú mi nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé láti ààfin àti láti etíkun ló ti ń wo ẹkùn bíi tiwa.

J. A. Atanda, ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn, ló mú apá kejì ìtàn Ọ̀yọ́. The New Oyo Empire rẹ̀, tó jáde ní 1973, bẹ̀rẹ̀ láti 1894 dé 1934: agbára tí Captain Ross, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rọ̀jò lé Aláàfin Ládígbòlù lórí, títí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò fi fárígá ní 1916.

Láàárín ibi tí Law ti dánu dúró àti ibi tí Atanda ti bẹ̀rẹ̀, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, ọdún ogun, tí ará Ìbàràpá ń sá gun àpáta. Ọmọ Ìbàràpá tó bá fẹ́ fi ìgbà náà gboyè ọ̀mọ̀wé, kó má tíì lọ wá ìwé ní London. Ìlú mẹ́fà ló para pọ̀ di Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, Pákò àti Ìdọ̀fin sì wà lára wọn. Kó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà Pákò, kó wá lọ bi ti Ìdọ̀fin ní ìbéèrè kan náà.