Ayò 26 sí 8: Ta Ni Kò Sí Lórí Pápá?

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìtàn eré kan tí wọ́n ṣe ní New York ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1944, nígbà tí ogun Hitler ń gbóná lọ́wọ́. Bésíbọ́ọ̀lù ni eré náà. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn a fi igi gbá a, a sì sáré yí igun mẹ́rin ká. Bí ó bá yí i ká délé, ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ayò kan.

Giants àti Dodgers ti Brooklyn ni wọ́n pàdé. Ará ìlú kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí orogún ni wọ́n rí sí ara wọn. Nínú eré yìí, ayò mẹ́rin tàbí márùn-ún sábà máa ń tó láti borí. Lọ́jọ́ náà, Giants jẹ 26, Dodgers jẹ 8! Ìgbá Phil Weintraub nìkan mú ayò 11 wọlé.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní, “Giants mà lágbára o!” Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó. Ọmọ ọdún 36 ni Weintraub, láti 1938 ni kò sì ti rí àyè nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá mọ́. Àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù fún Dodgers jù ú ṣìnà tó bẹ́ẹ̀ tí òfin fi fún àwọn Giants láyè nígbà 17 láti rìn lọ sí igun kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Níbo ni àwọn akọni wà? Ogun ti kó wọn lọ. Pee Wee Reese ti Dodgers àti Johnny Mize ti Giants ti wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Nígbà tí ọdún eré náà parí, nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ, Giants ṣe ipò karùn-ún, Dodgers ṣe ìkeje.

Èyí tí ó dùn mí jù nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Cincinnati mú Joe Nuxhall, ọmọ ọdún 15, wọ pápá. Ní 1945, ẹgbẹ́ Browns ti St. Louis mú Pete Gray, tí ó ní apá kan ṣoṣo. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Josh Gibson, ọ̀gá nínú gbígbá bọ́ọ̀lù, wà níta nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ń wọṣọ ogun, àwọn ọmọ Nàìjíríà tiwa náà wà nínú igbó Burma. Wọ́n yẹ fún ikú, wọn kò yẹ fún pápá! Ọdún 1947 ni Jackie Robinson, tí òun náà ti ṣe ọmọ ogun, tó wọ ẹgbẹ́ Dodgers, àwọn kan náà tí wọ́n jẹ ìyà 26 sí 8.

Èmi tí mo ń bójú tó eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ wa, mo ti lo ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà kan, àwọn ọmọ wa fi góòlù 7 sí òdo na ilé ẹ̀kọ́ kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lùlù. Mo pè wọ́n, mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ń ṣe ìdánwò lónìí. Àwọn àbúrò ni ẹ nà.” Ìlù dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ̀yin oníṣòwò. Bí ọjà bá tà wàràwàrà lọ́jọ́ tí ìsọ̀ ẹnìkejì wà ní títì, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìwọ̀n ọgbọ́n yín. Kí á tó jó ijó ìṣẹ́gun, kí á ka àwọn tó wà lórí pápá. Kí á sì béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀, àti ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.