Àkàsọ̀ Ẹ̀yìn Land Rover Mi

Bí ẹ bá pàdé Land Rover mi lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ẹ ó rí àlẹ̀mọ́ pánù kan ní igun ẹ̀yìn rẹ̀. Rífẹ́ẹ̀tì yí i ká, ọ̀dà rẹ̀ kò sì bá ti ara ọkọ̀ yòókù mu. Àwọn tó bá rí i máa ń rò pé mọ́tò ẹlòmíì ló gbá mi, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí ò níí pa wá." N kì í já wọn ní koro. Ó sàn kí wọ́n máa bú awakọ̀ tí kò sí níbẹ̀ ju kí wọ́n mọ̀ pé èmi tí mo ni ọkọ̀ ni mo dúró tì í, tí mo sanwó, tí mo sì ní kí wọ́n dá ihò sí i lára.

Oyin ni mo ń rà. Mo máa ń gba Ọ̀yọ́ kọjá sí Ìsẹ́yìn, kí n dé Ṣakí, nígbà míì kí n yà sí Ìgbòho títí dé Kìṣí, lọ bá àwọn tó ń sin oyin àti àwọn ọdẹ tó ń fín in nínú igbó. Bí mo bá ń lọ, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ló máa ń wà lórí kárià. Bí mo bá ń bọ̀, inú ọkọ̀ á ti kún, n ó sì tún di díẹ̀ sórí. Orí Land Rover Defender mi yìí ga. Táyà ẹ̀yìn ni mo máa ń gùn tẹ́lẹ̀ kí n tó fa ara mi gòkè, eékún mi á sì máa sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun ò sí nínú àdéhùn yẹn. Ìgbà tí mo wá rí àwòrán àwọn òyìnbó kan tó ń wa irú ọkọ̀ yìí gba aṣálẹ̀ Sàhárà, àkàsọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, ọkàn mi fà sí i. Ká má parọ́, ìrọ̀rùn nìkan kọ́ ni mò ń wá. Fáàrí wà níbẹ̀.

Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta èyí tó ti òkè òkun wá ní ọjà Ládípọ̀. Wọ́n dá mi lóhùn, mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá lọ. Èmi tí mo mọ ajórin ládùúgbò!

Ajórin yìí mọṣẹ́. Páìpù onírin ló fi ṣe àkàsọ̀ náà, ó tẹ orí rẹ̀ kọ́dọrọ́ kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú, ó fi irin onígun-mẹ́rin ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ó kun ún lọ́dà dúdú. Nígbà tó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ wò, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń mi orí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kúkú jó o mọ́ ọn tààrà. Kò ní yẹsẹ̀ láéláé."

Mo ní, "Jó o."

Ó fi fáìlì ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, ó ki ojú bọ gíláàsì rẹ̀, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yanran. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ. Mo gbọ́ tí iná náà dákẹ́, ó tún tàn, ó tún dákẹ́. Ìgbà tí mo yíjú padà, ọ̀gá ajórin ti ṣí gíláàsì sókè, ó ń wo ara ọkọ̀ mi, kò sọ nǹkan kan. Ihò wà níbẹ̀ tí ìkúùkù lè gbà wọlé. Àkàsọ̀ dúró digbí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, irú irin wo lèyí?"

Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ náà láti ìgbà pípẹ́ ò mọ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù nínú wọn ló lọ mú ojú máàgínẹ́ẹ̀tì tó yọ lára sípíkà rédíò jákujàku, ó gbé e mọ́ ara Land Rover, ó já bọ́. Ó gbé e mọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nísàlẹ̀, ó lẹ̀ pípì. Irin ni ìsàlẹ̀. Alumíníọ̀mù ni ara. Ìdánwò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí kò sì ná mi ní kọ́bọ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí ihò ti lu la tó ṣe é.

Ẹni tó bá ti rí alumíníọ̀mù níbi iná á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó sì máa ń tó nǹkan bí 1,500 dígírì kó tó ṣàn. Alumíníọ̀mù ti yọ́ ní 660, kì í sì í pọ́n kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sì sí iná ajórin tó lè so òun àti irin pọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. A ò tiẹ̀ yọ orí bátìrì kí a tó tanná, nítorí náà ọ́tánétọ̀ náà gba tiẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò fún bátìrì níná mọ́, àfi ìgbà tí mo ra òmíràn.

Ohun tó wá jẹ́ kó dà bí ìtìjú sí mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣírí. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí, irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìjọba ló ń pín in, alumíníọ̀mù irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ló rọrùn láti rí. Ni iléeṣẹ́ Rover bá fi irin ṣe ṣẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ara ọkọ̀. Àṣà yẹn ni wọ́n ń bá bọ̀ títí Defender àtijọ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní iléeṣẹ́ wọn ní Solihull ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ìbàdàn tí mò ń gbé yìí náà ni iléeṣẹ́ Leyland ti to Land Rover pọ̀ rí. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà bí ẹni mowó ṣì wà káàkiri ìlú. N ò bi ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Rárá o. A fi pánù lẹ ihò náà, mo sì ní kí wọ́n fi sikúrúù de àkàsọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, irú sikúrúù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń dá ihò fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mì í, kò mira. Ọmọ iṣẹ́ kan gùn ún dókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ó dáa, sà." Ọmọ náà kò sanra tó ìdajì mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Mo gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Ṣakí ni ó ti ṣẹlẹ̀, nínú ọgbà ìyá àgbà kan tó ń kó oyin jọ fún mi. Kẹ́ẹ̀gì oníliítà 25 ni mo fẹ́ gbé sórí kárià. Lọ́kàn mi, kìlógíráàmù 25 ni, bíi ti omi. Oyin kì í ṣe ẹgbẹ́ omi. Kẹ́ẹ̀gì yẹn á tó kìlógíráàmù 35 bó bá kún. Mo fi ọwọ́ kan di àkàsọ̀ mú, mo fi ìkejì gbé oyin, mo gun àtẹ̀gùn kìíní, mo gun èkejì. Mo gbọ́ "pọ́ọ́." Sikúrúù òkè kan ti fò. Ìkejì tẹ̀ lé e. Àkàsọ̀ náà kò kúkú já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra ń fi ọkọ̀ sílẹ̀, èmi àti òun jọ ń lọ sẹ́yìn. Mo ráyè wo etí òrùlé ọkọ̀ bó ṣe ń jìnnà sí mi. Mo ráyè rò ó pé ọ̀kan ni kí n jù sílẹ̀, bóyá àkàsọ̀, bóyá oyin. Oyin ni mo dì mú.

Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì fò, oyin sì rọra ń ṣàn wọ inú kọ́là aṣọ mi. Ìyá àgbà sáré dé, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rí i pé mò ń mí. Ó ní, "Ẹ kú ewu o, ọmọ mi. Ẹ ṣáà ti sanwó èyí tó dà nù yẹn?"

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti mọ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ láti ìgbà èwe. Ẹ wo ẹlẹ́mu bó ṣe ń gun ọ̀pẹ. Kì í lẹ̀ mọ́ igi. Ẹ̀yìn ló ń fì sí, igbà ló sì ń fà á mọ́ ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèèyàn ṣe rí lórí àkàsọ̀ tó dúró ṣánṣán lẹ́yìn ọkọ̀: ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà orí àkàsọ̀ ń fà jáde, ìdí rẹ̀ ń tì wọlé. Sikúrúù inú pánù pẹlẹbẹ lè gbé ìwúwo tó ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Èyí tó ń fà á jáde tààrà ni kò lè gbà. Mo ti fi gbogbo ọgbọ́n mi wo bí àkàsọ̀ ṣe le tó, n ò wo ohun tó dì í mú.

Mẹkáníìkì àgbà kan ní Ìbàdàn ló bá mi tún un ṣe. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló ní kó o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí híńjì ilẹ̀kùn wà?" Òótọ́ ni; láti ìgbà tí àkàsọ̀ ti débẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tòun ti sípíà táyà orí rẹ̀ kò ṣí kọjá ìdajì mọ́, mo sì ti ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé láìrò ó wò. Ó gbé e sí òdìkejì. Ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn, kí n wò ó bóyá iná bíréèkì àti nọ́ńbà ọkọ̀ hàn gbangba. Kò hàn. Ó tún sún un.

Ó ṣe ìkọ́ tó fi orí àkàsọ̀ de igi kárià fúnra rẹ̀, torí pé kárià náà ti di etí òrùlé ọkọ̀ mú níbi púpọ̀. Nísàlẹ̀, ó lu ihò já, ó fi bóòtì onímìlímítà 8 gba inú rẹ̀, ó sì fi àwo irin tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sí inú lọ́hùn-ún kí nọ́ọ̀tì má baà máa jẹ pánù. Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka ọ̀rá nínú ló lò, èyí tí ọ̀nà gbágungbàgun kì í tètè tú.

Mo fẹ́ máa lọ. Ó ní kò tíì parí. Ó gé ara kẹ́ẹ̀gì àlòkù sí wẹ́wẹ́, ó fi ṣe wáṣà, ó tẹ́ ẹ sí gbogbo ibi tí irin bá ti fẹ́ fara kan alumíníọ̀mù, ó fi ọ̀dà kun etí ihò. Mo ní kí ló dé tí kò lo rọ́bà tíúbù táyà. Ó ní oòrùn àti epo máa ń jẹ ìyẹn. "Irin méjì tí kò jọra, bí omi bá ti wà láàrin wọn, bátìrì ni," ohun tó sọ nìyẹn. Ó mú mi lọ wo ọkọ̀ kan nínú ọgbà rẹ̀ tí wọ́n fi bóòtì olówó iyebíye dè, irú èyí tí kì í dípẹtà. Bóòtì ń dán gbinrin. Alumíníọ̀mù tó yí i ká ti di ẹ̀tù funfun, ó ń já lọ́wọ́. Nínú méjèèjì, alumíníọ̀mù ló máa ń kú fún ìkejì rẹ̀. Ó tún gba gọ́ọ̀mù sílíkónù tí mo rà lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà ní ásíìdì nínú, ó máa ń jẹ irin tí kò lọ́dà. Òmíràn wà tí kì í rùn.

Àkàsọ̀ náà dúró títí di òní. Ṣùgbọ́n oyin kì í gun òkè mọ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá máa ń sọ ìwọ̀n tí orí rẹ̀ lè gbé lórí ìrìn, kárià pàápàá sì wà nínú ìwọ̀n ọ̀hún. Ẹrù wúwo lókè sì ni ó ń mú kí ọkọ̀ fẹ́ dojú dé bí ọ̀nà bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo, tapólì àti sípíà táyà kejì ni mò ń dì síbẹ̀. Okùn ni mo fi ń fà wọ́n gòkè lẹ́yìn tí èmi bá ti gùn tán, ọwọ́ méjèèjì ló ń di àkàsọ̀ mú.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò kan ládùúgbò wá bá mi. Land Cruiser ló ní, ó fẹ́ irú àkàsọ̀ yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé ara tiẹ̀ irin ni, nítorí náà ìpẹtà ni kó ṣọ́ra fún, kó kun etí ihò, kó gbá ẹ̀rúnrún dírílì kúrò kí ó má dípẹtà sínú ọkọ̀, pé bó bá gbé e sórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè, ilẹ̀kùn á wúwo ju ohun tí ọ̀pá tó ń gbé e dúró lè gbà. Ó ń mi orí. Mo wá bi í pé ìgbà wo ló ń gun orí ọkọ̀ ẹ̀. Ó rò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún tó kọjá ni mo gùn ún, nígbà tí bọ́ọ̀lù ọmọ mi bọ́ síbẹ̀." Mo ní kó lọ ra àpótí ìjókòó tó ga díẹ̀. Ó dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ kejì tí mo ń kọjá, mo rí Land Cruiser rẹ̀ ní ìsọ̀ ajórin.