“Dale” àti “Ó Yá”

Èdè ni mo wá kọ́ ní Yunifásítì, ṣùgbọ́n Festac Town ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni ilé wa wà. Ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí èdè púpọ̀. Ìjọba kọ́ ọ kí àwọn àlejò lè rí ibùsùn nígbà àjọ̀dún FESTAC, tí a ṣe láti 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì, 1977. Àwọn ará Kúbà tí ń sọ èdè Spéènì wà lára àwọn tí ó wá.

Èdè yìí ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́. Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù ni bí àwọn ọ̀dọ́ wọn ṣe ń gbà fún ara wọn bí wọ́n bá fẹ́ jọ ṣe nǹkan. Ará Spéènì a ní “vale”, bí ẹni wí pé “ó níye lórí”. Ará Kòlómbìà a ní “listo”, èyíinì ni pé ó ti ṣetán. Ará Argẹntínà àti ará Kúbà a ní “dale”, tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ “fún un”. “Dale” yìí ni ó bá “ó yá” tiwa mu jù, nítorí àwọn méjèèjì a máa gbà, wọn a sì tún máa tini síwájú.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá mi fẹ́ ṣe ìrántí bàbá mi, a sì ń wá ẹni tí yóò bá wa gbé àga. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. “Dale” ni ó fi dáhùn.

“Kí ni ó wí?” ni ìyá mi bi mí.

“Ó ní ó dáa, mà.”

“Ṣé ó ní òun ń bọ̀ ni, àbí ó ní òun gbọ́?”

Ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé gírámà wa. Yorùbá mọ̀ pé “mo gbọ́” kì í ṣe “mo gbà”. “Ó dáa” pàápàá, ẹni tí ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lè sọ ọ́. Mo tún ránṣẹ́ pé, “Agogo mélòó?” Ó fèsì ní Yorùbá pé, “Méje òwúrọ̀.” Agogo méje kò tíì lù tí ó fi kan ilẹ̀kùn wa.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ irú ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, nítorí òun ni ọ̀rẹ́ fi ń mọ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá dá ọ lóhùn pé “dale”, bá a yọ̀, kí o sì bèèrè agogo.