Ẹ̀jẹ̀ Lórí Orín

Nílé wa ní Kétu, a kì í kí ẹnikẹ́ni láìtíì fọ ẹnu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìyá wa ti máa ń fi orín àtà sẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, a rí ẹ̀jẹ̀ lórí orín náà. Ìyá wa ní orín ló ń gé erìgì òun, ó sì pa á tì. Àwa ọmọ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀; omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ là ń bù fún un. Ara tù ú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, eyín iwájú rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Dókítà eyín là wá lóye. Ìdọ̀tí tí kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, yóò le bí òkúta, erìgì yóò wú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa jáde. Ní ìpele yìí, àrùn náà ṣì ṣeé wò sàn. Bí ó bá ti jẹ egungun tí ó di eyín mú, a lè dá a dúró, ṣùgbọ́n egungun náà kì í sábà padà bọ̀ sípò. Tábà àti àtọ̀gbẹ a máa mú un burú sí i. Dókítà ha ìdọ̀tí líle náà kúrò, iṣẹ́ tí orín àti omi iyọ̀ kò lè ṣe. Eyín kan bọ́, èkejì dúró.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dáwọ́ ẹnu fífọ̀ dúró. Ẹ rọra máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì tètè tọ dókítà lọ. Ìyá wa ti padà sídìí orín rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu.