Nígbà Tí Lẹ́tà Ní Nọ́ńbà

Ẹni tó bá ṣe akọ̀wé ìjọba ní agbègbè Kétu ní Benin kí kọ̀ǹpútà tó dé kò ní gbàgbé ìwé ńlá méjì kan. Ọ̀kan wà fún lẹ́tà tó wọlé, èkejì wà fún lẹ́tà tó jáde. Akọ̀wé á fi rúlà fa ìlà sójú ewé kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, ọjọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ohun tó dá lé, iye bébà tí wọ́n so mọ́ ọn. Lẹ́tà tí kò bá gba nọ́ńbà kò gbọdọ̀ jáde nílé. Ẹ jẹ́ ká ní ṣẹ́fù Adakplamè, ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó wà lábẹ́ Kétu, kọ̀wé pé màlúù àwọn darandaran ti wọ oko àgbàdo. Lẹ́tà náà á gba nọ́ńbà ní Adakplamè, ẹ̀dà tí wọ́n fi kábọ́nù tẹ̀ á wọ fáìlì, bó bá sì dé Kétu, wọ́n á tún kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn. Ẹni tó bá ń wá a lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ní ibi mẹ́ta tó lè yà.

Kì í ṣe bébà ni àárò rẹ̀ ń sọ mí o. Ikán ń jẹ bébà, òjò ń pa á, ẹlẹ́pà náà sì ń fi wé ẹ̀pà. Nọ́ńbà yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Akọ̀wé tó bá fẹ́ kí lẹ́tà 47 di àwátì lè fà á ya, ó lè sun ún. Àmọ́ 46 wà níbẹ̀, 48 náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá ṣí ìwé náà á béèrè ohun tó wà láàárín wọn. Ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ láyé ìgbà yẹn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó hù ú kò rí ọ̀nà gbé e gbà tí kò ní hàn.

Kí bébà tó dé rárá, ènìyàn ni Kétu fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Baba Ẹlẹ́gùn ni wọ́n ń pè é, ìdílé kan ló sì ń jẹ oyè náà. Òun ló ní láti mọ ìtàn ìlú sórí, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá ti kúrò ní Ifẹ̀, kó sì sọ ọ́ tán pátá ní gbangba nígbà tí Alákétu tuntun bá fẹ́ gorí ìtẹ́. Kò gbọdọ̀ fo ibì kan, kò gbọdọ̀ ṣì í sọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n dáná sun ìlú, tí wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, ìtàn náà kò bá ilé jóná. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ní 1956, Geoffrey Parrinder tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn nínú ìwé rẹ̀, The Story of Ketu.

Àwọn Faransé ló wá gbé rẹ́jísítà dé. Ohun tó kún inú rẹ̀ kò dùn ún gbọ́: owó-orí, iṣẹ́ àfipáṣe, ẹ̀sùn, ta ló sá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé ń kọ ohun tí òyìnbó fẹ́ gbọ́, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀gá Faransé tó wà ní Pobè ní láti ròyìn fún gómìnà ní Porto-Novo, Porto-Novo ní láti ròyìn fún Dakar, Dakar fún Paris, ẹ̀dà sì ń kù sílẹ̀ níbi gbogbo tó gbà kọjá. Láti 1914 ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ti wà ní Porto-Novo. Inú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ la ti ń bá Alábà Ìdá pàdé, ìyàwó Alákétu Onyegen, obìnrin tí àwọn Faransé fi ṣe olórí tí àwọn náà sì tún yọ nípò. Òpìtàn Lorelle Semley ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn, ó sì sọ ìtàn obìnrin náà nínú ìwé tó gbé jáde ní 2011. Ṣáájú rẹ̀, Anthony Asiwaju, ọmọ Imẹ̀kọ, tí ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 yà kúrò lára Kétu, ti tú àpò ìwé Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì wò láti kọ bí wọ́n ṣe ṣèjọba lórí Yorùbá ìwọ̀ oòrùn. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1976. Ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìròyìn ní Pobè lọ́jọ́ náà kò lè ronú láé pé ọmọ Imẹ̀kọ kan ni yóò wá yẹ iṣẹ́ òun wò.

Ta ni yóò wá yẹ tiwa wò, kí ni yóò sì bá?

Láti 2003 tí mẹ́rì ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo kọ́múùnù Benin, kọ̀ǹpútà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, fóònù sì wá gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi àdírẹ́sì Yahoo tàbí Gmail tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí ṣe iṣẹ́ ìlú. Ìpè ìpàdé ń gba orí WhatsApp, àwòrán oko tí màlúù jẹ ń gba ibẹ̀, àṣẹ pàápàá ń gba ibẹ̀. Ó yá, kò ná ẹnikẹ́ni ní owó mọ́tò, n kò bá a jà. Àmọ́ bí ọ̀gá bá fipò sílẹ̀, àga, àsíá àti òǹtẹ̀ ni ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń bá nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bá ọ̀gá àtijọ́ lọ sílé nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, ó béèrè èsì ìwé tó ti fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Wọ́n yẹ ibi gbogbo wò. Níkẹyìn, wọ́n rọ̀ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa tún un fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi èyí tí a fi dá yín lóhùn sí i.” Ará ìlú ló wá di ilé ìpamọ́ ìwé fún ìjọba!

Òfin kọ́ ni kò sí. Òfin 2015-07, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2015, fún ọmọ Benin ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Òfin ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti 2018 tún sọ pé ohun tí a kọ sórí ẹ̀rọ lágbára bíi ti bébà, bí a bá mọ ẹni tó kọ ọ́, tí a sì tọ́jú rẹ̀ láìsí àyípadà. Ní Nàìjíríà, láti 2011, ọjọ́ méje ni òfin fún ọ́fíìsì láti dáhùn. Ṣùgbọ́n kí ni ọ́fíìsì fẹ́ mú wá lọ́jọ́ keje, nígbà tí kò sí ẹni tó tọ́jú nǹkan kan?

Oṣù Kẹta 2015 yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà gbọ́ pé Hillary Clinton, nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, fi ẹ̀rọ ímeèlì tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba. Nǹkan bí 30,000 ímeèlì ló dá padà, èyí tí wọ́n ní kò kan iṣẹ́ sì di pípaarẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti 2013 ni ilé ìpamọ́ ìwé wọn ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí mo fẹ́ràn: kí wọ́n má wulẹ̀ máa ṣa ímeèlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ipò ni kí wọ́n wò. Tí ọ̀gá bá ti dé ipò kan, gbogbo ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀ di ti ìpamọ́. Ọ̀gá Pobè ayé ọjọ́sí á mọ irú èyí.

Ìjọba Benin ti gbìyànjú lọ́nà mìíràn. Láti 2020 ni a ti ń béèrè ìwé lórí service-public.bj, àkọsílẹ̀ ìbí náà sì ti ń wọ kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Adakplamè lónìí, orúkọ rẹ̀ á ṣòro láti sọnù ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó ti parí nìkan ni wọ́n ń tọ́jú báyìí. Àríyànjiyàn tó bí i, ta ló sọ pé rárá, ta ló ní kí wọ́n fi ilẹ̀ ọ̀hún fún ẹlòmíràn, ìyẹn ń lọ pẹ̀lú fóònù tó bọ́ sómi.

Mo mọ akọ̀wé àgbà kan tó ṣì ń tẹ ímeèlì iṣẹ́ sórí bébà, tó ń fún un ní nọ́ńbà, tó sì ń fi bíírò búlúù kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ń fi íńkì ṣòfò. Ọjọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò owó bá dé láti Cotonou, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sáré lọ. Kì í jẹ́ kí wọ́n gbé rẹ́jísítà náà kúrò lórí tábìlì òun. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń dà á kọ.