Àtúnṣe Tí Kò Pa Ipasẹ̀ Rẹ́

Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ìbílẹ̀ rẹ̀. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ dúró fún ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi ẹ àti ọ kọ. Kp àti sh sì dúró fún p àti ṣ. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé, tí a tún ń ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀nà méjèèjì ni a ń tọ̀. Nígbà tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oríkì ìdílé wọn sílẹ̀, ẹnì kan a kọ ɔba, ẹlòmíràn a yí i padà sí ọba. Kò pẹ́ tí a kò fi mọ èyí tí àgbà sọ yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ fi kún un.

Git ni mo fi yanjú rẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ Fínlándì, ló ṣe é ní ọdún 2005 kí àwọn tó ń kọ Linux lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìgbàkígbà tí a bá fi iṣẹ́ pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní commit, ó ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí tí onítọ̀hún fi sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun kì í lé ẹ̀dà àtijọ́ jáde nílé.

Oríkì kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Hugo, tó jáde ní ọdún 2013, ló ń sọ wọ́n di ojú-ewé tí a lè kà lórí fóònù. Orí kọ̀ǹpútà wa ni iṣẹ́ ti ń parí kí a tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú-ewé náà fúyẹ́, kì í jẹ mẹ́gà àwọn ọmọ tán. Bí ìsopọ̀ bá já, odindi iṣẹ́ àti ìtàn rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kálukú.

Àmì ohùn nìkan ló fẹ́ ìṣọ́ra. A lè fi àmì òkè sórí ẹ, a sì lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ é: ẹ́ kan náà ni ojú rí, ṣùgbọ́n lójú Git, méjì ni wọ́n. A fẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tí à ń pè ní NFC.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba oríkì lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlà kan kò tọ́, ó ní kí a pa á rẹ́. A kò pa á rẹ́, a kò sì bá àgbà jiyàn: a ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún ohùn kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá àgbà papò dà. Ìlà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aṣọ tuntun kò wọ́n yín. Àkísà ni kí ẹ bá wa tọ́jú.