Lẹ́tà sí Ìyá Mi Lórí Oyún Ìyàwó Wa

London

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn jọjọ nígbà tí mo kà pé Ọlọ́run ti bojú wo ìyàwó wa, tí oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni kò jẹ́ kí oorun kùn mí: pé kò ní í forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn títí ikùn yóò fi yọ, nítorí ayé, àti pé ẹ ní kí ó dín oúnjẹ kù kí ọmọ má baà tóbi jù láti bí.

Ìyá mi, bí a bá fi í pamọ́ fún ayé, kí a má fi í pamọ́ fún agbẹ̀bí. Àìtètè mólè, olè mólóko. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí elétò ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ó sì kọ́kọ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó kọjá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, tí wọn yóò sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fọ́líìkì ásíìdì tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Kí ó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó fi ọsàn tẹ̀ ẹ́, kí ó má fi tíì mu ún. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú, ẹ má fòyà, oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ni. Níbòmíràn nílẹ̀ wa, wọ́n ti ń fúnni ní hóró kan tí ó kó èròjà 15 pọ̀, ìwádìí sì fi hàn pé ó ń dín bíbí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n kù ju oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fọ́líìkì nìkan lọ. Bí wọ́n bá fún un ní èyí, kí ó má fọwọ́ ara rẹ̀ ra òmíràn kún un.

Ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tí mo wí yìí ni èyí tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, inú àpótí onígíláàsì ni a ń tẹ́ àwọn tí ó kéré jù nínú wọn sí kí òtútù má baà mú wọn, pẹ̀lú fìlà lórí àti rọ́bà tí a fi ń bọ́ wọn, tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, nínú imú, nítorí pé díẹ̀ ni wọn yóò fa ọmú tí yóò ti rẹ̀ wọ́n. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ yín, ẹ má fi ebi dín ọmọ wa kù. Agbẹ̀bí ni yóò fọwọ́ wọn ikùn, tí yóò sọ bí ọmọ bá tóbi jù. Iyán ń yó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni kí ó pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹfun tí ó ń jẹ ńkọ́? Wọ́n ti yẹ irú rẹ̀ wò níhìn-ín, òjé ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ibà ni ó tún ń bà mí lẹ́rù jù. Kòkòrò rẹ̀ a máa lúgọ sínú ibi ọmọ láìjẹ́ pé ara ìyá gbóná, a sì máa fawọ́ oúnjẹ sẹ́yìn fún ọmọ. Nítorí náà, láti oṣù kẹrin, kí ó máa gbé oògùn ibà Fansidar mì lójú nọ́ọ̀sì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, kí oṣù kan máa wà láàárín wọn, kí ó sì máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí ó fi fọ́líìkì rẹ̀ han nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, nítorí oníwọ̀n mílígíráàmù 5 a máa sọ Fansidar di aláìlágbára.

Mo ti fi owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ mú un lọ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni yóò gbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjíkẹ́